Aṣọ Òkè Tiwa, Òwú Ta Ni?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ bi yín, kò sì dájú pé yóò dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú yín. Aṣọ òkè tí ẹ dá jọ fún Ọjọ́ Àṣà tó kọjá, èyí tí ẹ wọ̀ ya fọ́tò tí ẹ gbé sórí Instagram, tí ẹ kọ "àṣà wa, ògo wa" sábẹ́ rẹ̀, ta ló ran òwú rẹ̀? Mi ò béèrè ẹni tó hun ún o. Ẹni tó hun ún lè wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí ní Ìlọrin, kí Ọlọ́run bá wa dá a sí. Ẹni tó ran òwú ni mò ń béèrè.

Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Nínú ọ̀pọ̀ jù lọ aṣọ òkè tó wà lọ́jà lónìí, ẹ̀rọ ló ran òwú náà, òkè òkun ni ẹ̀rọ náà sì wà, pàápàá ní ilẹ̀ Éṣíà. Inú páálí ni òwú ti ń wá, ó ti ràn, ó ti ní àwọ̀, ó ti ń dán. Rayon wà níbẹ̀, poliẹ́sítà wà níbẹ̀, òwú dídán bíi wúrà náà wà níbẹ̀. Ohun tó kù fún wa ni kí a hun ún, kí a rán an, kí a wọ̀ ọ́, kí a sì máa pariwo pé tiwa ni.

Ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò gùn. Àṣà tí kò lè ran òwú ara rẹ̀, aṣọ àyálò ló wọ̀. Mo sì gbà gbọ́ pé a lè ran òwú náà padà, níhìn-ín gan-an, ní àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké tó yí Ìbàdàn ká: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà. Ṣùgbọ́n orin àti ijó kọ́ ni yóò ṣe é. Iye tí a bá san fún àgbẹ̀ àti fún òrànwú ni yóò sọ bóyá yóò ṣeé ṣe tàbí kò ní ṣeé ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tó sọnù

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rí ẹni tó ń rànwú rí, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Àgbẹ̀ a máa gbin òwú sáàárín oúnjẹ lóko, nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Bí òwú bá là nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á já a wálé. Àwọn obìnrin á tẹ́ ẹ sórí pákó tàbí òkúta, wọ́n á fi ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ yí i mọ́lẹ̀ kí kóró inú rẹ̀ lè bọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ọrun kékeré gbọn ẹ̀gbọ̀nwú náà títí yóò fi fúyẹ́. Ìgbà yẹn ni òrànwú, tó sábà máa ń jẹ́ ìyá àgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e lọ sóko mọ́, yóò mú igi ìrànwú tí amọ̀ wà nídìí rẹ̀, yóò ta á kí ó máa yí, òwú á sì máa gùn bọ̀ láti ọwọ́ rẹ̀.

Òwú yìí ni wọ́n fi ń hun kíjìpá, aṣọ tó nípọn, tó sì lágbára, tí àgbẹ̀ ń wọ̀ lọ sóko tí kì í tètè ya. Òwú yìí kan náà ni aláró ń rẹ sínú aró ẹlú kí ó tó dé ọwọ́ ahunṣọ. Sányán gidi kì í tiẹ̀ ṣe òwú oko rárá. Ilé tí àwọn kòkòrò kan ń kọ́ sórí igi nínú igbó ni wọ́n ń kó jọ, wọ́n á sè é nínú omi eérú, wọ́n á wá ràn án. Àwọ̀ bíi ti ilẹ̀ tó wà lára rẹ̀, àdáyébá ni, ẹnikẹ́ni ò pa á láró. Èyí tí wọ́n ń tà fún wa lónìí pé sányán ni, ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ òwú inú páálí tí wọ́n pa láró kí ó lè jọ ọ́.

Ẹ wá ka iye èèyàn tó ń jẹun nínú aṣọ kan ṣoṣo: àgbẹ̀, ẹni tó yọ kóró, òrànwú, aláró, ahunṣọ, aránṣọ, oníṣòwò. Ọwọ́ ahunṣọ yá ju ọwọ́ òrànwú lọ gan-an, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òrànwú púpọ̀ ló ń pèsè fún òfì kan. Ìyẹn ni pé nínú gbogbo iṣẹ́ tó wà nínú aṣọ, ibi tí ọwọ́ pọ̀ sí jù lọ ni a kọ́kọ́ gé kúrò. Obìnrin ni àwọn tí a gé kúrò náà, ará abúlé ni wọ́n, arúgbó sì ni púpọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé "iṣẹ́ aṣọ òkè ṣì wà", òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ní ilé òun ṣì dúró nígbà tó jẹ́ pé òrùlé nìkan ló kù.

Mo bi ìyá kan tó ń ta aṣọ òkè ní Ọjà Ọjẹ́ ní Ìbàdàn léèrè. Mo ní, "Ẹ kú ọjà, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ran òwú aṣọ yìí?" Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ẹni tó hun ún ni mo mọ̀. Òwú? Ṣé òwú náà tún ń ní ìyá ni?" Gbogbo àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Òwú ti di ohun tí kò ní ìyá, tí kò ní ìlú, tí kò ní orúkọ. Ohun tí kò bá sì ní orúkọ, kò sẹ́ni tí yóò béèrè bóyá wọ́n san owó iṣẹ́ rẹ̀.

Manchester ti gbìyànjú rẹ̀ rí

Àwọn kan nínú wa rò pé ojúlówó ìdáhùn ni kí ìjọba kàn sọ fún àgbẹ̀ pé kí wọ́n lọ gbin òwú. Wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ní àyíká wa níbí, ó sì yẹ ká mọ ibi tó já sí.

Láti àwọn ọdún 1850 ni Henry Venn ti ìjọ CMS àti Thomas Clegg, oníṣòwò ará Manchester, ti ń fi ẹ̀rọ tó ń yọ kóró òwú ránṣẹ́ sí Abẹ́òkúta kí òwú lè máa ti ibẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, dí ọ̀nà òwú Amẹ́ríkà, ojú wọn túbọ̀ wà lára òwú tiwa. Ní 1901, ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1902, àwọn oníṣẹ́ aṣọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, British Cotton Growing Association, láti mú kí àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Ọba Gẹ̀ẹ́sì máa gbin òwú fún wọn. Wọ́n dá oko òwú sílẹ̀ ní Moor Plantation, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń yọ kóró wá sí Ìbàdàn, wọ́n pín kóró fún àgbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i dáadáa: ẹ̀rọ tó ń yọ kóró ni wọ́n gbé wá. Wọn ò gbé ẹ̀rọ ìrànwú wá. Ètò wọn ni pé kí òwú tútù lọ sí Lancashire, kí wọ́n ràn án lọ́hùn-ún, kí wọ́n hun ún lọ́hùn-ún, kí aṣọ wá padà wá bá wa ní Èkó kí a fi owó rà á.

Ṣé ó ṣiṣẹ́? Kò ṣiṣẹ́ bí wọ́n ṣe rò. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ wa ya ọ̀lẹ. Owó tí wọ́n ń san lórí òwú kò wuni. Àwọn ahunṣọ ilẹ̀ wa fúnra wọn ń ra òwú, kókó sì dé, owó kókó sì dára ju owó òwú lọ. Àgbẹ̀ Ìbàdàn ṣe ìṣirò, ó gbin kókó. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ irú àgbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, tí Akánrán ní Ọ̀nà-Àrà jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ibùdó rẹ̀, nígbà tí owó orí le tí owó kókó sì kéré. Ẹnikẹ́ni tó bá rò pé àgbẹ̀ abúlé kò mọ ìṣirò, kí ó lọ ka ìtàn yẹn.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, bí a bá ń gbin òwú tí a kò ràn án, iṣẹ́ Manchester la ṣì ń ṣe, ì báà jẹ́ Shanghai ni òwú ń lọ. Èkejì, àgbẹ̀ kò ní fi ìfẹ́ àṣà ra iyọ̀. Bí iye owó kò bá gbè é, yóò fi ilẹ̀ rẹ̀ gbin ẹ̀gẹ́, kò sì ní jẹ̀bi.

Ìdínà nìkan kọ́ ni iṣẹ́

Àwọn mìíràn á ní kí ìjọba ti ẹnubodè pa, kí òwú àti aṣọ òkè òkun má wọlé mọ́. Ní 2019, Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé òun kò ní fún àwọn tó ń kó aṣọ wọlé ní dọ́là mọ́. Ṣé ẹ rí ilé iṣẹ́ ìrànwú tuntun ní Mọ́níyà láti ìgbà yẹn? Ṣé ẹ rí i ní Lálúpọn? Àṣẹ lè ti ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n àṣẹ kì í ran òwú.

A tún ti ní àwọn ilé iṣẹ́ aṣọ ńláńlá rí. Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ ní 1957. United Nigerian Textiles náà wà ní Kàdúná, ó sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀ ní 2007, tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ sì padà sílé. Iná mànàmáná tí kò dúró, epo tó wọ́n, aṣọ fàyàwọ́ àti ẹ̀rọ tó ti gbó ló kó wahálà bá wọn. Nítorí náà, mi ò sọ pé kí a kọ́ ilé iṣẹ́ tó tóbi bíi pápá bọ́ọ̀lù sí Ẹgbẹ́dá. Ẹni tó bá tún fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ lórí iná mànàmáná tí a ní yìí, omi ló ń fi agbọ̀n gbé.

Ohun tí mò ń sọ kéré ju ìyẹn lọ, ó sì le ju ìyẹn lọ.

Ẹ wo ohun tí àwọn mìíràn ṣe

Lórí àwọn òkè Alps ní ilẹ̀ Faransé, ní abúlé kan tó ń jẹ́ Chantemerle, ilé iṣẹ́ ìrànwú kan wà tí àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù Longo maï gbà ní 1976. Irun àgùntàn ni wọ́n ń ràn níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ olùsìn àgùntàn ní Faransé ló jẹ́ pé owó tí wọ́n ń rí lórí irun kò tó owó tí wọ́n san fún ẹni tó rẹ́ ẹ. Àwọn èèyàn Chantemerle wá ń ra irun tààrà lọ́wọ́ olùsìn àgùntàn, wọ́n ń ràn án, wọ́n ń sọ ọ́ di aṣọ, wọ́n sì ń tà á fúnra wọn. Kò sí alágbàtà mẹ́rin láàárín àgùntàn àti ẹni tó wọ aṣọ. Ẹni tó ra súwẹ́tà lè mọ òkè tí àgùntàn náà ti jẹko.

Àgùntàn tiwa kò ní irú irun bẹ́ẹ̀. Tiwa kúrú, kò ṣeé ràn, ooru ilẹ̀ wa kò sì jẹ́ kí ẹran náà nílò èyí tó gùn. Òwú ni irun àgùntàn tiwa. Ṣùgbọ́n ìlànà náà kan náà ni: kí ilé iṣẹ́ kékeré wà nítòsí ibi tí ohun èlò ti ń wá, kí ó san owó tó tọ́, kí ó sì sọ ní gbangba ibi tí ohun gbogbo ti wá.

Bí ẹ bá ní òyìnbó nìyẹn, ẹ jẹ́ ká wá sí ilé. Ní Burkina Faso, Thomas Sankara, tó ṣe olórí ilẹ̀ náà láti 1983 sí 1987, ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba máa wọ Faso Dan Fani, aṣọ tí a fi òwú ilẹ̀ wọn hun. Àwọn kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà náà. Lónìí, aṣọ náà ṣì wà, àwọn obìnrin ahunṣọ ṣì ń jẹun níbẹ̀, ilé iṣẹ́ FILSAH ní Bobo-Dioulasso sì ń fi òwú Burkina ran òwú tí ahunṣọ ń rà. Wọn ò fi òfì sílẹ̀, wọn ò sì fi ìrànwú sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n dì mú.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí tó jẹ́ ìkìlọ̀. Gandhi fi kẹ̀kẹ́ ìrànwú bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà ní Índíà. Lẹ́yìn òmìnira, ìjọba dá àjọ kan sílẹ̀ ní 1957 láti ran khadi lọ́wọ́, ìyẹn aṣọ tí a fi ọwọ́ ràn tí a sì fi ọwọ́ hun. Gbogbo ayé ń yin khadi. Síbẹ̀, owó tí òrànwú khadi ń gbà lóòjọ́ ti jẹ́ ẹ̀sùn láti ọdún pípẹ́. Ìyìn pọ̀, owó kò tó. Èyí ni mo fi ń bẹ̀ yín kí ẹ má ṣe bá àwọn tó fẹ́ lọ to àwọn ìyá àgbà jọ sí abẹ́ igi, kí wọ́n máa rànwú fún kámẹ́rà. Ìṣẹ́ tí a kùn ní àwọ̀ àṣà, ìṣẹ́ náà ni. Àwọn ará Índíà tiẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe irú kẹ̀kẹ́ kan tó ń jẹ́ Ambar Charkha, tó lè ran òwú púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí iṣẹ́ ọjọ́ kan lè mú owó wálé. Bí a bá máa rànwú, ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rọ kékeré ràn án, kí ẹni tó ń ràn án lè jẹ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta kò mí, ẹ máa bọ̀

Mo ti gbọ́ àtakò mẹ́ta lọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi.

Àkọ́kọ́: "Àlàárì ńkọ́? Ṣé kì í ṣe láti òkè òkun ni òwú rẹ̀ ti ń wá láti ayébáyé?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyí, mi ò sì ní sá fún un. Òótọ́ ni pé òwú sẹ́dà pupa tí wọ́n fi ń hun àlàárì gba aginjù Sàhárà kọjá wá láti ìhà Trípólì, ilẹ̀ Yúróòpù sì ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn baba wa kì í ṣe ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ra. Ṣùgbọ́n àlàárì jẹ́ ọ̀ṣọ́ lórí ohun tí a ti ní. Bí àlàárì kò bá dé lọ́dún kan, kíjìpá ṣì wà, ètù ṣì wà, a ò ní rìn níhòòhò. Lónìí, bí páálí òwú kò bá dé Èkó, tàbí tí dọ́là bá fò sókè, òfì Ìṣẹ́yìn á dákẹ́. Ọ̀tọ̀ ni kéèyàn ra ata lọ́jà, ọ̀tọ̀ ni kó jẹ́ pé ọjà ni ó ti ń ra omi, iná àti ìkòkò.

Èkejì: "Òwú kì í ṣe dáadáa ní ìhà wa mọ́. Hausa ló ni òwú." Apá kan òótọ́ wà níbẹ̀. Lónìí, Katsina, Zamfara, Gombe àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní Òkè Ọya ni òwú Nàìjíríà pọ̀ sí. Ilẹ̀ tiwa rọ̀ jù nígbà mìíràn, kòkòrò sì ń bá èso rẹ̀ jà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ní gbogbo òwú gbọ́dọ̀ wá láti Lágelú. Kí àgbẹ̀ Òkè-Ògùn gbin èyí tí ilẹ̀ wọn bá gbà, kí a ra ìyókù ní Funtua. Owó tó dúró ní Funtua ṣì ń ra iṣu wa. Òwú ríràn ni kí ó wà níbí, torí ibí ni a ti ń hun ún. Ọ̀nà Mọ́níyà gba Ìjàyè dé Ìṣẹ́yìn tààrà. Ọkọ̀ ojú irin tuntun náà, tó bẹ̀rẹ̀ sí kó èrò ní 2021, Mọ́níyà ló ní ibùdókọ̀ rẹ̀. Kí la tún ń wá?

Ẹ̀kẹta: "Yóò wọ́n." Bẹ́ẹ̀ ni, yóò wọ́n díẹ̀. Mi ò ní pa irọ́ fún yín. Òwú tí ẹni tó ràn án rí owó gbà kò lè pọ̀ bí èyí tí ẹnikẹ́ni ò mọ ẹni tó ràn án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa: ṣé àwa tí a ń dá aṣọ ẹbí fún àpèjẹ ìparí ẹ̀kọ́, tí a tún dá òmíràn fún ìgbéyàwó ọ̀rẹ́ lóṣù tó tẹ̀ lé e, tí a ò sì ní wọ ọ̀kankan nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì, ṣé àwa ni a fẹ́ sọ pé owó kò sí? Aṣọ kan tó gbó lọ́jọ́ orí dára ju mẹ́rin tó ń dán fún ọjọ́ kan lọ. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìran wa ni ìran àkọ́kọ́ tí kò ní fi àkísà kankan sílẹ̀, torí poliẹ́sítà kì í gbó kó di àkísà. Inú gọ́tà ló ń lọ, ibẹ̀ ló sì ń wà.

Kí ni òwú tó mọ́?

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ní eegun, kó má jẹ́ ẹran lásán. Kí a tó pe òwú kan ní òwú tó mọ́, ó gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè mẹ́rin.

Ta ló gbìn ín, èló ni wọ́n san fún un, kóró ta ló sì gbìn? Ní 2018, Nàìjíríà fọwọ́ sí oríṣi kóró òwú méjì tí wọ́n ti yí ẹ̀dá wọn padà kí kòkòrò má lè jẹ ẹ́. Ó lè dára, n kò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n Burkina Faso ti gbìn irú rẹ̀ láti 2008, wọ́n sì padà lẹ́yìn rẹ̀ ní 2016, torí fọ́nrán òwú náà kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, fọ́nrán tó kúrú sì ń mú owó rẹ̀ wálẹ̀ lọ́jà. Àgbẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ èyí kí ó tó fi owó ra kóró.

Ta ló ràn án, wákàtí mélòó ló fi ṣe é, èló ló sì gbà? Kí a kọ iye náà sára ìwé tó wà lára aṣọ.

Kí ni wọ́n fi pa á láró, níbo ni omi aró náà sì ṣàn lọ? Àwọn odò kéékèèké ní Akínyẹlé àti Ẹgbẹ́dá ni àwọn èèyàn ṣì ń pọn. Bí a bá sọ pé a fẹ́ràn àṣà tí a wá da kẹ́míkà sínú omi ìyá tó ran òwú, ẹnu wa kò mọ́.

Ta ló tà á, èló ló sì jèrè? Bí ahunṣọ àti òrànwú bá pín ìdá kan, tí oníṣòwò inú gíláàsì ní Lẹ́kì bá kó ìyókù, Manchester ti padà dé, ó kàn yí orúkọ padà ni.

Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wa

Mo mọ̀ pé ẹ ó sọ pé, "Ìjọba dà?" A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa náà kì í ṣe igi. Moor Plantation kan náà tí wọ́n ti gbin òwú fún Manchester ni ilé ìwádìí IAR&T ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà lónìí. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí kẹ́náàfù níbẹ̀, ohun ọ̀gbìn tí èèpo rẹ̀ náà ń di fọ́nrán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹ̀ka ẹ̀rọ wà nínú wa. Ẹni tó ń wá àkòrí fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀, kí ló dé tí kò ṣe ẹ̀rọ ìrànwú kékeré tó lè fi pánẹ́ẹ̀lì oòrùn ṣiṣẹ́ ní Erúnmu tàbí Akánrán? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìṣirò owó, ẹ bá wa ṣe ìṣirò rẹ̀: èló ni a lè san fún àgbẹ̀ àti òrànwú tí aṣọ náà yóò ṣì ṣeé rà? Àwọn ẹlẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá, ẹ lọ gba ọ̀rọ̀ iṣẹ́ náà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá tó ṣì rántí. Bí wọ́n bá lọ, ọ̀rọ̀ náà lọ.

Fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wa, ohun kan ṣoṣo ni mò ń béèrè, mo sì fẹ́ kí ẹ dìbò lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Bí ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ẹgbẹ́ 200 bá sọ fún ahunṣọ kan lónìí pé, "Fìlà àti ìborùn Ọjọ́ Àṣà ọdún tó ń bọ̀, òwú gidi la fẹ́, òwú tí a mọ ibi tó ti wá, a ó sì san àsansílẹ̀," ahunṣọ náà yóò wá òwú náà kàn. Òun ni yóò lọ bá òrànwú. Òrànwú ni yóò lọ bá àgbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ dá ilé iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ ní Mọ́níyà yóò rí i pé oníbàárà wà. Kì í ṣe pé iṣẹ́ ìrànwú kú nítorí pé ọwọ́ kò sí. Ó kú torí pé kò sí ẹni tó ń béèrè.

Bí ẹ kò bá fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ó dáa, ẹ máa wọ tiyín, owó yín ni. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín nìgbà náà ni kí ẹ yọ "tiwa" kúrò lábẹ́ fọ́tò. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe jẹ́: àwa la hun ún, àwọn ẹlòmíràn ló ràn án, a ò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí ìtìjú gbólóhùn yẹn bá pọ̀ jù láti kọ, ẹ jẹ́ ká jọ pàdé ní ọjọ́ ìdìbò.